Ẹ má tan iná fóònù sí ìjàpá òkun

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa ará Abẹ́òkúta ò ní òkun, odò Ògùn la ní, ṣùgbọ́n tó bá ti di Kérésì báyìí bọ́ọ̀sì á kún ní Kútọ̀ tó ń lọ bíìṣì l'Ékòó, èmi náà bá wọn lọ lọ́dún tó kọjá. Lálẹ́ la rí ìjàpá òkun kan tó ń wọ́ bọ̀ látinú omi, ó fẹ́ wá yé ẹyin, làwọn èèyàn wa bá yọ fóònù, iná wàà, sẹ́lífì lọ́tùn-ún lósì, ẹnì kan tiẹ̀ fẹ́ gùn ún (Yánníbo ò ní gbà o!), bó ṣe yíjú padà sómi nìyẹn, kò yé nǹkan kan. Ó dùn mí gan-an.

Ẹyin tó ń yé lẹ́ẹ̀kan lè tó 100, á wà nínú iyanrìn fún bí oṣù méjì, tọ́mọ bá sì jáde lóru, ìmọ́lẹ̀ ojú òkun ló ń tẹ̀ lé, tí iná yín bá wá mọ́lẹ̀ jù ú lọ, ọ̀nà ìgboro ló máa gbà, ajá á jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ paná, ẹ jìnnà sí i, ẹ dí ihò tẹ́ ẹ bá gbẹ́, ẹ sì kó ọ̀rá píọ̀-wọ́tà yín.

Èmi òǹkàwé yín, Ìtòkú, Abẹ́òkúta