Àyẹ̀wò Ọ̀dà Kì í Ṣe Àyẹ̀wò Ọ̀nà

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde nípa ọ̀nà tó ti ń dá kòtò kí ọdún kan tó pé tí wọ́n ṣí i. Agbẹnusọ àwọn tó ṣe ọ̀nà náà sọ ohun méjì fún akọ̀ròyìn yín: ó ní òjò ló bà á jẹ́, ó sì ní ọ̀dà tí àwọn lò yege nínú gbogbo àyẹ̀wò. Akọ̀ròyìn yín kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó kọjá lọ. N kò bá a wí, ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fi ọdún 29 lu ọ̀dà ní òòlù nínú yàrá àyẹ̀wò, tí dúdú rẹ̀ kò tán ní èékánná mi títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà inú bí mi.

Agbẹnusọ náà lè má parọ́ o. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀dà náà yege lóòótọ́. Ohun tí ẹ kò bi í ni pé: àyẹ̀wò wo?

Ibi tí wọ́n ti ń po asphalt, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ọ̀dà, ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ti ń wáyé. Òkúta wẹ́wẹ́, yanrìn, lẹ́búlẹ́bú òkúta àti bítúmẹ̀nì, ohun dúdú tó ń lẹ òkúta mọ́ ara wọn, ni wọ́n ń mú gbóná tí wọ́n sì ń pò pọ̀. Àwa ará lábù á bu díẹ̀ níbẹ̀, a ó dà á sínú mọ́ọ̀dù irin tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 101.6, a ó wá fi òòlù tó wọn kílò mẹ́rin àbọ̀ lù ú ní ìgbà 75 lójú kan. A ó yí i padà, a ó tún lù ú ní ìgbà 75 lójú kejì. Bruce Marshall, ẹnjiníà ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà, ló gbé àyẹ̀wò yìí kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1939, orúkọ rẹ̀ la sì fi ń pè é títí dòní. Bó bá tutù, a ó wọ̀n ọ́n, a ó rì í sínú omi tí ooru rẹ̀ jẹ́ dígírì 60 fún ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà la ó sáré gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tí yóò fún un títí yóò fi fọ́. Mo ní sáré: láti ìgbà tó bá ti kúrò nínú omi títí tí yóò fi fọ́, ìṣẹ́jú àáyá 30 péré la ní. Ẹni tó bá dúró dáhùn kí-ni-kí-ni lẹ́nu ọ̀nà ti ba àyẹ̀wò jẹ́.

Àyẹ̀wò tó dára ni. Ó ń sọ fún wa pé àpòpọ̀ náà dára, pé bí wọ́n bá lù ú bó ṣe yẹ, yóò lágbára. Ta ló wá lù ú? Èmi ni, nínú yàrá, pẹ̀lú òòlù mi. Lójú ọ̀nà, róólà ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ òòlù yẹn, àyẹ̀wò Marshall kò sì mọ nǹkan kan nípa róólà. Kò mọ̀ bóyá típà há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ fún wákàtí méjì kó tó dé. Kò mọ̀ bóyá ẹni tó ń wa róólà ti lọ sinmi lábẹ́ igi.

Ooru sì ni ẹ̀mí ọ̀dà. Nígbà tó bá ń jáde níbi tí wọ́n ti pò ó, ooru rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín dígírì 150 sí 165. Bó bá fi lọ sílẹ̀ tó nǹkan bí 80 lójú ọ̀nà, kí róólà máa rìn lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, agbára káká ni yóò fi fún mọ́. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí á ti fojú mọ díẹ̀ kó tó yọ tẹmómítà. Bí èéfín búlúù bá ń rú lórí ọkọ̀, iná ti pọ̀jù, bítúmẹ̀nì ti ń jóná. Bí ẹrù ọkọ̀ bá ga ṣóńṣó, tí ojú rẹ̀ kò dán, ó ti tutù tàbí kí bítúmẹ̀nì rẹ̀ má tó. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ bí ohun tó fẹ́ ṣàn, bítúmẹ̀nì ti pọ̀jù. Ojú kò tó àyẹ̀wò o, ṣùgbọ́n ojú ló ń sọ ọkọ̀ tó yẹ kí a kọ́kọ́ dá dúró.

Àyẹ̀wò kejì ni ti ọ̀nà fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ́ ọ̀dà, tí róólà ti tẹ̀ ẹ́, tó sì ti tutù, a ó fi ẹ̀rọ eléyín gbẹ́ ihò róbótó sí i, a ó yọ òpó kúkúrú kan jáde. Kóò la ń pè é lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín, ìwé àkọsílẹ̀ mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ní gbígbẹ, ó wọn gíráàmù 884. Nínú omi, 497. Nígbà tí mo yọ ọ́ lómi, tí mo fi àkísà tútù nu ara rẹ̀, 890. Ẹ yọ 497 kúrò nínú 890, ó ku 393. Àyè tí òpó náà gbà nìyẹn. Mo fi 393 pín 884, ó jẹ́ 2.249, ìyẹn bó ṣe wúwo sí fún àyè tó gbà. Lábù ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé bí kò bá sí afẹ́fẹ́ rárá nínú àpòpọ̀ yẹn, 2.480 ni ìbá jẹ́. Ìyẹn ni pé bí a bá pín àyè òpó yẹn sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀ jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán.

Afẹ́fẹ́ mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni lábù ń lépa nínú mọ́ọ̀dù. Lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ń retí mẹ́rin lọ́jọ́ kìíní. Mẹ́fà sí méje ṣì bójú mu, táyà ọkọ̀ á máa fún un díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá nǹkan bí mẹ́jọ, àwọn ihò tíntìntín inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já sí ara wọn, omi á wọlé. Táyà á máa tì í síwá tì í sẹ́yìn nínú ibẹ̀, á bó bítúmẹ̀nì kúrò lára òkúta, òkúta á tú, kòtò á yọ. Òjò tí wọ́n dá lẹ́bi, ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ló bá. (Mo mọ̀ pé ilẹ̀ abẹ́ ọ̀nà tí kò le náà lè fa kòtò. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kí a kúkú fún un títí afẹ́fẹ́ yóò fi tán: bó bá dín sí mẹ́ta, bítúmẹ̀nì kò ní ríbi sá sí nígbà tí oòrùn bá mú, ojú ọ̀nà á máa rì níbi tí táyà ń tọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an rèé: ta ló yan ibi tí wọ́n gbẹ́?

Lọ́jọ́ kan, a dé ojú ọ̀nà kan, a bá àmì àgbélébùú mẹ́fà tí wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì fà sílẹ̀ dè wá. Ẹnjiníà agbaṣẹ́ṣe, ọmọdékùnrin kan tó mọ ènìyàn-án yẹ́ sí, ní, “Bàbá, a ti bá yín ṣètò ẹ̀, kí ẹ má baà ṣe wàhálà nínú oòrùn.” Àmì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àárín ni wọ́n wà, ibi tí róólà ti ń lọ tó ń bọ̀ jù. Kò sí ẹyọ kan tó sún mọ́ ojú ìpàdé, níbi tí ọ̀dà àná ti pàdé ti òní. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń ṣàìsàn jù: etí ti àná ti tutù kí ti òní tó dé, awakọ̀ róólà kì í sì í fẹ́ sún mọ́ etí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yọ ìwé nọ́ńbà mi lápò, ìwé tí nọ́ńbà inú rẹ̀ kò tò tẹ̀léra. Òun la fi ń ka mítà síwájú àti sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí nọ́ńbà bá bọ́ sí la ó gbẹ́, ì báà jẹ́ iwájú bàtà ọ̀gá. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta bọ́ sójú ìpàdé. Òpó náà kò jáde lódidi. Ìdajì rẹ̀ wó sí mi lọ́wọ́ bí ògiri alámọ̀ tí òjò ti pa, mo rí òkúta inú rẹ̀ tí bítúmẹ̀nì kò tilẹ̀ bò tán. Èyí tó tẹ̀ lé e, tó jáde lódidi, ni ti gíráàmù 884 tí mo ṣírò fún yín lókè yẹn. Ọmọ náà wo ọwọ́ mi, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó fi ẹsẹ̀ pa ọ̀kan nínú àwọn àmì rẹ̀ rẹ́.

Kí ẹ má rò pé mo ń ṣe bí ẹni mímọ́. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́, èmi náà ti gbẹ́ lórí àmì ẹlòmíràn rí. Òjò ṣú, ọ̀gá mi ń kánjú, àmì wà nílẹ̀. Gbogbo òpó tí a yọ ló le gbagidi, mo fọwọ́ sí ìwé. Kí ọdún méjì tó pé, ọ̀nà yẹn là lójú ìpàdé, gbọọrọ bí ohun tí wọ́n fi ọ̀bẹ fà. Mo sì máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Kò sí irọ́ kankan nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí. Gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ ló péye.

Bákan náà lọ̀rọ̀ rí bí a bá ń bu ọ̀dà nínú ọkọ̀. Òkúta ńlá máa ń yí lọ sẹ́bàá. Ẹni tó bá bu ojú òkè níbì kan ṣoṣo, òkúta ló gbé lọ sí lábù. Ibi mẹ́ta ni kí a ti bù ú, kí a sì kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì ṣí ojú rẹ̀ kúrò.

Nítorí náà, Olóòtú, nígbà mìíràn tí ẹnìkan bá ní ọ̀dà òun yege, ẹ jọ̀wọ́, kí akọ̀ròyìn yín béèrè ẹni tó yan ibi tí wọ́n gbẹ́, àti iye ihò tó bọ́ sójú ìpàdé. Kí ó sì gba nọ́ńbà ihò kọ̀ọ̀kan. Kó má gba èyí tí wọ́n ti rò pọ̀ tí wọ́n wá pín dọ́gba: ihò mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ wọn jẹ́ márùn-ún márùn-ún, pẹ̀lú ọ̀kan tó jẹ́ mọ́kànlá, ẹ pín in, mẹ́fà àbọ̀ ni. Ó yege. Kòtò á sì wà níbi mọ́kànlá.

Ó ku ohun kékeré kan. Fọ́tò tí ẹ fi sójú ewé kìíní, ti ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ọ̀nà náà, ẹ tún un wò. Róólà dúró gbagidi lórí ọ̀dà tí èéfín ṣì ń rú lára rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí àga awakọ̀.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ lábù ọ̀dà tó ti fẹ̀yìn tì