Kí dírẹ́bà tó gba tírélà lọ́wọ́ ẹnìkejì, kó yí i po ná

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa àwọn èèyàn wa tó ń wa tírélà ní Amẹ́ríkà, inú mi dùn torí iṣẹ́ témi náà ń ṣe nìyẹn, àmọ́ ibì kan wà tẹ́ ẹ fò, ibẹ̀ gan-an ló sì ń dun àwa tá a wà nídìí ẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́, ńṣe ló dà bíi pé dírẹ́bà kan ṣoṣo ló ń gbẹ́rù látibi tí wọ́n ti dì í títí dé ibi tí wọ́n ti máa já a. Rárá o. Ẹrù kan lè gba ọwọ́ ẹni méjì mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín, ibi tó ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì yẹn ni wàhálà pọ̀ sí.

Òfin ò kúkú jẹ́ kéèyàn máa wakọ̀ bó ṣe wù ú. Wákàtí 11 ni dírẹ́bà lè fi wakọ̀, àárín wákàtí 14 látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ lò ó tán, lẹ́yìn ẹ̀ á sinmi wákàtí 10 gbáko, ẹ̀rọ wà nínú ọkọ̀ tó ń kà á. Àmọ́ ẹni tó ń retí ẹrù ò ní sinmi ní tiẹ̀. Ni wọ́n á bá ní kí dírẹ́bà méjì pàdé lágbedeméjì, kí wọ́n pààrọ̀ tírélà, kí kálukú yí padà síbi tó ti ń bọ̀. Relay là ń pe ìyẹn. Tí wákàtí ẹnì kan bá tán lójú ọ̀nà àbí tí ọkọ̀ ẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, tí wọ́n wá rán ẹlòmíì pé kó fi orí ọkọ̀ tiẹ̀ wá fa tírélà yẹn lọ, repower nìyẹn. Drop and hook tún yàtọ̀, ńṣe ni dírẹ́bà á já tírélà tó fà wá sílẹ̀ ní yáàdì, á so òmíì tí wọ́n ti dẹrù sí mọ́ ọkọ̀ ẹ̀, ó sì lè má fojú kan ẹni tó gbé e síbẹ̀ láéláé. Live load ni kéèyàn dúró kí wọ́n dẹrù síkùn ọkọ̀ ẹ̀, ó máa ń pẹ́, ọ̀pọ̀ ò fẹ́ràn ẹ̀, èmi fẹ́ràn ẹ̀ torí ó kéré tán mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lu síìlì mọ́ ilẹ̀kùn, ìyẹn ìdè oní-nọ́ńbà tó ń jẹ́ ká mọ̀ bí ẹnì kan bá ti ṣí i.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Lóru ọjọ́ kan, èmi àti dírẹ́bà kan pàdé láti pààrọ̀ tírélà, ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí mi, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Tírélà amúǹkantutù ló fà wá, ẹran tó dì gbagidi ló kúnnú ẹ̀. Mo yẹ bébà ẹrù wò, ó pé. Mo ka nọ́ńbà síìlì, ó bá ti inú bébà mu. Mo wo ojú ẹ̀rọ tó ń mú un tutù, ibi tí bébà ní kó wà ló wà. Mo ní dísù ńkọ́? Ó ní ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni, ó kún. Mo bá lọ.

Kò purọ́ fún mi. Ó ra dísù lóòótọ́, àmọ́ inú táńkì orí ọkọ̀ tiẹ̀ ló rà á sí. Ẹ̀rọ amúǹkantutù ní táńkì tiẹ̀ lọ́tọ̀, abẹ́ tírélà ló wà, ó ní gééjì rógódó kan lára, ẹrẹ̀ ti bo gééjì yẹn lóru ọjọ́ náà, àtẹ́lẹwọ́ lásán ni mi ò bá fi nù ún kí n rí i pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Mi ò nù ún. Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, ẹ̀rọ ti kú, nígbà tí mo dé ibi tí mò ń gbé e lọ wọ́n ki irin tí wọ́n fi ń wọn ooru bọ inú ẹran, wọ́n ní àwọn ò gbà á. Ta ni wọ́n pè? Èmi ni, torí èmi ni mo buwọ́ lùwé gbẹ̀yìn.

Olóòtú, ohun tó mú mi kọ̀wé rèé. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tírélà yẹn, àmọ́ ojú ń tì mí, ó ń ṣe mí bíi pé mò ń fura sí ọmọ tó pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Mo sì ti rí i pé ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, a ò fẹ́ kẹ́nì kan rò pé a ò fọkàn tán òun. Kì í ṣe ìfura o! Òfin ibí gan-an sọ pé kí dírẹ́bà ríi dájú pé ọkọ̀ dáa kó tó wà á, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlòmíì ò sì lè dúró fún ojú tiẹ̀.

Ìdè ọkọ̀ ńkọ́? Irin kan wà lábẹ́ tírélà tí wọ́n ń pè ní kingpin, ó gbọ́dọ̀ wọ inú ẹnu fifth wheel tó wà lẹ́yìn orí ọkọ̀, kí ẹnu yẹn sì pa dé mọ́ ọn. Tí tírélà bá ga jù, irin yẹn lè kọjá lókè ẹnu ọ̀hún láì wọnú ẹ̀, téèyàn á sì rò pé ó ti wọlé. Kéèyàn fà á wò dáa, àmọ́ kó tún sọ̀kalẹ̀, kó tan tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ẹ̀. Ìwọ̀n ẹrù náà wà níbẹ̀, orí ọkọ̀, tírélà àti ẹrù lápapọ̀ ò gbọ́dọ̀ ju 80,000 pọ́n-ùn lọ lójú títì ńlá, táyà ẹ̀yìn tírélà ò sì gbọ́dọ̀ gbé ju 34,000 lọ, tẹ́ni tó fà á wá ò bá ní bébà ìwọ̀n lọ́wọ́, ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó wọ títì jìnnà.

Tẹ́ ẹ bá tún máa kọ nípa iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi apá yìí sí i, torí àwọn ọ̀dọ́ ń kà yín kí wọ́n tó lọ gba láísẹ́ǹsì.

Èmi àti àbúrò yẹn ṣì ń pàdé ní yáàdì. Tá a bá ti pààrọ̀ tán báyìí, ó máa ń dúró kí n yí tírélà po, kí n nu gééjì, kí n bi í pé dísù wo, èmi náà á sì dúró dè é kó yẹ tèmi wò.

Èmi ni tiyín,
Dírẹ́bà tírélà kan, Amẹ́ríkà