Ìkéde: ìrìn àárọ̀ wa lásìkò ọyẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́ wa tí a jọ fẹ̀yìntì, ẹ kú ọyẹ́ o. Afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ Sàhárà ti dé Ìbàdàn, eruku ò jẹ́ ká rí Gbọ̀ngàn Màpó lókèèrè mọ́.

Nítorí náà, ìrìn wa ní Bódìjà ti kúrò ní aago 6; ó di aago 8, kí oòrùn ti yọ. Ẹ wọ aṣọ òtútù, ẹ fi òrí pa ẹsẹ̀ àti ètè. Ẹni tí ikọ́ sémìísémìí ń yọ lẹ́nu, kó jókòó sílé, a óò wá kí i. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà wà lẹ́yìn ìrìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pe ara yín lálaalẹ́, pàápàá àwọn tó ń dá gbé. Ọjọ́ méjì ni ìyá wa kan fi ṣàìsàn lọ́sẹ̀ tó kọjá kí a tó gbọ́. Ó ṣì ń dùn mí.