Itọ́ ni ọ̀tá kòkòrò ẹnu

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ bá wa sọ fáráyé pé ṣúgà nìkan kọ́ ló ń dá ẹnu láàmú. Lóòótọ́, kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Streptococcus mutans máa ń sọ ṣúgà di ohun tó ń fà bí àtè, tó fi ń lẹ̀ mọ́ eyín. Ṣùgbọ́n kòkòrò mìíràn, Porphyromonas gingivalis, ní fọ́nrán tín-ín-rín tó fi ń di awọ erìgì mú, abẹ́ erìgì tí afẹ́fẹ́ ò dé ló sì ti ń gbèrú. Itọ́ ló ń ṣan àwọn kòkòrò ẹnu lọ, tó tún ń pa kíkan inú ẹnu. Lóru, itọ́ máa ń dínkù gan-an; nítorí náà, fífọ ẹnu kí a tó sùn ṣe pàtàkì ju tàárọ̀ lọ! Lẹ́yìn mínírà, ẹ fi omi ṣan ẹnu, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó fọ eyín, torí kíkan ti mú ara eyín rọ̀.

Àwa oníṣègùn eyín,
Ìbàdàn.