Ẹ Má Dúró De Kérésìmesì Kí Ẹ Tó Ṣán Òdòdó Ẹ̀bá Ọ̀nà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Nínú ìwé ìròyìn yín tó jáde kẹ́yìn, ẹ gbé àwòrán àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n dúró sáàárín òdòdó aláwọ̀ yẹ́lò ní ẹ̀bá títì, ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹwà tí Ọlọ́run fi jíǹkí ilẹ̀ Yorùbá ni. Òdòdó náà rẹwà, n kò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ilẹ̀ Yorùbá, oko àwọn èèyàn ló sì ń gbà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Jogbo là ń pè é níbi tí mo ń gbé. Àwọn mìíràn ń pè é ní agbálẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ tàbí Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nínú oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá ti rí i rí: ó ga ju èèyàn lọ, ewé rẹ̀ korò, òdòdó rẹ̀ sì jọ sunflower. Láti Mẹ́síkò àti àwọn orílẹ̀-èdè àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ló ti wá. Nítorí òdòdó rẹ̀ ni wọ́n ṣe kó o wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n ń gbìn ín sí ọgbà. Kò dúró sí ọgbà. Ó bọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó ti ibẹ̀ wọ oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ibi tó bá sì ti kóra jọ, koríko mìíràn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ààyè hù lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé a kì í gé e lásìkò. Ní àdúgbò wa, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì ni àwọn tó gba iṣẹ́ ìmọ́tótó ẹ̀bá ọ̀nà máa ń rántí àdá wọn. Wọ́n fẹ́ kí ojú ọ̀nà mọ́ fún àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó wá ṣọdún. Kò burú. Ṣùgbọ́n lákòókò yẹn, òdòdó ti rọ, èso ti gbó, ó kù kí nǹkan fọwọ́ kàn án ni. Bí àdá ṣe ń balẹ̀ ni èso ń dà sórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán mọ́. Ọkọ̀ akólẹ̀ tí kò ní ìbòrí á tún kó ìyókù, á máa gbọ̀n ọ́n sílẹ̀ títí dé ààtàn. Ọ̀gbìn gan-an ni wọ́n ń ṣe, owó ìlú la sì fi ń san án fún wọn. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, ẹ lọ wo ibẹ̀ kí ẹ rí bó ṣe hù bolẹ̀.

Oṣù kẹjọ ló yẹ ká ṣe iṣẹ́ yìí, nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀. Jogbo kò tíì tanná nígbà náà, ilẹ̀ sì ṣì rọ̀, a lè fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò dípò ká kàn bẹ́ ẹ lórí. Èyí tí a bá bẹ́ lórí yóò tún rú, nítorí náà ó di dandan ká padà yẹ̀ ẹ́ wò kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Mo ti gbọ́ àwíjàre àwọn tó ń gbé iṣẹ́ jáde: ìparí ọdún ni owó máa ń wọlé. Mi ò rí ìdí tí owó ọdún yìí kò fi lè ṣe iṣẹ́ oṣù kẹjọ ọdún tó ń bọ̀. Olóòtú, ẹ̀yin náà lè ràn wá lọ́wọ́: ẹ gbé àwòrán rẹ̀ jáde nígbà tó bá ṣì wà ní ewé lásán, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò dá a mọ̀ àfi tó bá tanná.

Ẹ̀yin tí ẹ gbìn ín yí ilé ká, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tu ú. Igi tí ẹ bá gé, ẹ má jù ú sílẹ̀ tútù, yóò ta gbòǹgbò. Ẹ sá a sórí kọnkéré títí yóò fi gbẹ, tàbí kí ẹ rẹ́ ewé àti ẹ̀ka rẹ̀ tó rọ̀ wẹ́wẹ́, kí ẹ bò ó mọ́ inú ebè. Ajílẹ̀ gidi ni kó tó tanná. Náítírójìn àti pòtásíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀, kì í sì í pẹ́ jẹrà. Àwọn àgbẹ̀ kan ní ìwọ̀-oòrùn Kenya ti ń gé e sí oko àgbàdo wọn tipẹ́. (Èyí làwọn kan dì mú tí wọ́n fi ń ní ká jẹ́ kó wà. Tó bá jẹ́ torí ajílẹ̀ ni, inú ebè ni kó wà, kì í ṣe etí odò.) Tó bá jẹ́ ohun tí ẹ ó gbìn yí ilé ká dípò rẹ̀ lẹ ń wá, akòko àti pèrègún wà níbẹ̀ tí àwọn baba wa fi ń pa ààlà. Ẹ gé ọ̀pá rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀, ó ti hù nìyẹn. Akòko pàápàá ń tanná tó fani mọ́ra.

Ewé Akíntọ́lá náà ń kọ́? Àwa tí àdá ti gé lẹ́sẹ̀ rí nínú oko mọ̀ pé bí a bá fún omi rẹ̀ sójú egbò, ẹ̀jẹ̀ á dá, ìyẹn ò ṣeé jiyàn. Àmọ́ ará Amẹ́ríkà ni òun náà. Àwọn onímọ̀ sọ pé inú èso igi mẹ́láínà tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ní nǹkan bí 1937 ló fara pamọ́ sí wọ Nàìjíríà. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń tanná, èso rẹ̀ sì fúyẹ́ débi pé afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ló ń gbé e kiri. Bí igi rẹ̀ bá gbẹ, iná ọdẹ kan ṣoṣo tó láti gba ibẹ̀ wọ igbó ńlá. Kí oṣù kọkànlá tó parí ni ká ti ṣán an.

Ti orí omi, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní 1984 ni ewéko tó ń léfòó tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò, gba ojú omi láti ilẹ̀ Benin wọ Badagry, títí dòní ló ń há àwọn ọkọ̀ apẹja mọ́ ojú ọ̀sà. Ẹni tó bá ń tọ́jú irú rẹ̀ sínú agbada nílé, kó má dà á sí gọ́tà.

Ó ku oògùn apakoríko. Paraquat tí àwọn kan ṣì ń wá rà, NAFDAC ti fòfin dè é láti 2024. Ewé lásán ló sì ń jó. Gbòǹgbò jogbo á tún rú. Létí odò, ẹ má fín oògùn kankan rárá, ọwọ́ àti ọkọ́ ni ká fi ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ gbin igi síbẹ̀: ìrókò, arère, àfàrà, èyíkéyìí tí ẹ bá rí. Oòrùn ni jogbo fẹ́. Ibi tí ibòòji igi bá ti bò, kì í lè gbilẹ̀. Àwọn ọdún àkọ́kọ́ tí igi kò tíì ga ni wàhálà wà, torí a óò máa fa ọmọ jogbo tu lábẹ́ wọn ní gbogbo oṣù karùn-ún.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ àgbẹ̀,
Ìbàdàn.