Má Tíì Fún Wọn Ní Ìwé Náà

Àkànní ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ, kí n lè mọ̀ bóyá ìwọ lò ń sọ̀rọ̀ ni àbí ìbínú. Ọmọ tí o fọwọ́ ara rẹ kọ́ níṣẹ́ ló di ọ̀gá lé ọ lórí, ẹlẹ́ẹ̀kejì irú ẹ̀ nìyí, o sì ti kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ Mọ́ńdè. Ó dùn mí. Àmọ́ gbólóhùn tí o fi kádìí ọ̀rọ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn: o ní ẹni ọdún 35 tí kò tíì dé ipò kankan, ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀.

O mọ̀ pé mo wa takisí ní Bradford, ní England, kí n tó padà wálé. Àwọn ọmọ Pakistan ló pọ̀ jù láàárín wa, kíríkẹ́ẹ̀tì sì ni oúnjẹ wọn. Ibi tí a ti ń dúró de èrò ni mo ti kọ́ ọ, ibẹ̀ náà ni mo ti mọ Misbah-ul-Haq, tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún Pakistan, ọmọ Mianwali ní Punjab. Kò sí ẹni tí wọ́n bú tó o. Èmi náà bá wọn bú u.

Ọdún 2001 ló kọ́kọ́ gbá Test, eré ọlọ́jọ́ márùn-ún yẹn, fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ́ dànù. Ó padà sí pápá ilé, ó ń gbá fún Faisalabad àti fún iléeṣẹ́ gáàsì kan, torí lọ́hùn-ún iléeṣẹ́ ńláńlá a máa ní ikọ̀ tiwọn. Oòrùn ń pa wọ́n, òǹwòran kò sí. Nígbà tí wọ́n rántí rẹ̀ fún ife àgbáyé T20, kíríkẹ́ẹ̀tì oníwákàtí díẹ̀, lọ́dún 2007, ọmọ ọdún 33 ni. Ó gbé wọn dé àṣekágbá pẹ̀lú India ní Johannesburg. Bọ́ọ̀lù mẹ́rin ló kù, ayò mẹ́fà ni wọ́n ń wá. Misbah ló kúnlẹ̀ díẹ̀, ó fẹ́ fi bàátì gbọ́n bọ́ọ̀lù sókè gba ẹ̀yìn ara rẹ̀ kọjá, bọ́ọ̀lù bá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ India. Ayò márùn-ún ni wọ́n fi pàdánù. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ ní ibùdó wa.

Wọ́n tún yọ ọ́ lọ́dún 2010. Ọdún yẹn kan náà ni balógun ikọ̀ wọn àti àwọn méjì mìíràn kó sínú ọ̀ràn owó ẹ̀yìn ní London, èyí tó padà gbé wọn dé ẹ̀wọ̀n. Ni wọ́n bá ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Misbah tí kò tilẹ̀ sí nínú ikọ̀ mọ́ ni wọ́n fi ṣe balógun, ẹni ọdún 36! Wọn ò sì lè gbá eré nílé, torí àwọn agbébọn ti kọlu bọ́ọ̀sì ikọ̀ Sri Lanka ní Lahore lọ́dún 2009. Dubai, Abu Dhabi àti Sharjah ni wọ́n sọ di ilé. Ibẹ̀ ló ti na England 3-0 lọ́dún 2012. Nínú Test 56 tó fi ṣe balógun, 26 ló jáwé olúborí. Lọ́dún 2016 Pakistan di nọ́ńbà kìn-ín-ní lágbàáyé nínú Test.

Ọdún náà ló gbá ọgọ́rùn-ún ayò ní Lord's, pápá kíríkẹ́ẹ̀tì ńlá ní London, lẹ́ni ọdún 42, ló bá na ara rẹ̀ sórí koríko. Mo rò pé ó ń dọ̀bálẹ̀ kí wa ni, àṣé eré ìdárayá tí àwọn sójà kọ́ wọn ni.

Mi ò sọ ọ́ di áńgẹ́lì o. Lọ́dún 2011 ní Mohali, nígbà tí wọ́n pàdé India nínú ife àgbáyé, ó rọra ń fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù títí eré fi bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó ṣì ń bí mi nínú. Tuk-tuk ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí àwọn ará Éṣíà ń pe kẹ̀kẹ́ Máàwá. Kẹ̀kẹ́ yìí ló fi bọ́ọ̀lù 56 péré gba ọgọ́rùn-ún ayò lára Australia lọ́dún 2014, ó bá Viv Richards, ògbóǹtarìgì ọmọ West Indies tó yára jù nínú Test nígbà náà, dọ́gba!

Mi ò ní kí o jókòó máa retí ìṣubú ẹlòmíì. Ohun tí mò ń wí ni pé nígbà tí wọ́n ké sí ọkùnrin náà, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gan, torí kò fìgbà kan fi bàátì sílẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Ìdánwò tí o pa tì láti ọdún méjì, ṣé ọ̀gá ló ní kí o pa á tì? Lọ parí ẹ̀. Bi wọ́n léèrè, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tó kù tí o kò ní. Bí o bá rí iṣẹ́ tó sàn jù, máa lọ, èmi fúnra mi á bá ọ gbé àpò. Àmọ́ má fi ìbínú ọjọ́ Mọ́ńdè lọ.

Ìyá rẹ ti di elùbọ́ rẹ. Pè mí lálẹ́ Sátidé, mi ò ní tètè sùn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ