Àbẹ̀kẹ́ mi, má tíì kúrò ní pápá

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo ka message tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. O ní o fẹ́ jáwọ́ nínú eré rìlé họ́ọ̀lù yín torí rìsọ́ọ̀tì ẹ wálẹ̀, pé o ti ń ronú bó o ṣe máa sọ fún kóòṣì. Inú mi ò dùn sí rìsọ́ọ̀tì yẹn náà, mi ò ní purọ́ fún ẹ, ṣùgbọ́n kó o tó lọ bá kóòṣì, jọ̀ọ́ fara balẹ̀ ka èyí ná.

Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tíréènì yín, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, láti aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ sí aago méje, kò tiẹ̀ pé wákàtí márùn-ún. Wákàtí mélòó lo wá ń lò nídìí fóònù láàárín aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago méjì òru? Mo máa ń rí ẹ lórí WhatsApp, mi ò kàn sọ̀rọ̀ ni. Ibẹ̀ ni kó o ti kọ́kọ́ gé e.

O máa ń bi mí ìdí tí itan òsì fi máa ń fà mí tí òtútù bá mú, mi ò ròyìn ẹ̀ tán fún ẹ rí. Èmi ni ẹni kẹta nínú rìlé wa nílé-ìwé, èmi ni mo ń sá kọ́nà. Ní heat, iṣan ẹ̀yìn itan mi ti ń le bí okùn tí wọ́n ń fà, mo sọ fún ẹni tó ń kọ́ wa, ó ní kí n fi róòbù pa á, pé final ò pẹ́ rárá. Mo fi róòbù pa á títí ó fi ń ta mí lójú. Nígbà tí final dé, mo gba báàtọ́nù, òógùn ọwọ́ ẹni tó gbé e fún mi ṣì wà lára ẹ̀, mo sá bíi ogójì mítà, nǹkan sì já pọ́ọ̀ nínú itan mi bí ìgbà tí rọ́bà bá já, mo dojú bolẹ̀ lórí kọ́nà yẹn tèmi ti báàtọ́nù lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò lè gun àtẹ̀gùn họ́sítẹ̀lì, tẹ́ẹ̀sì méjì kọjá mi. Màmá àgbà wá, wọ́n ní eré ti parí, mo sì gbà. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Ó ń dùn mí títí dòní ju itan yẹn lọ.

Nítorí náà, tí ara bá ń dùn ẹ́, kọ̀. Kódà tó bá jẹ́ ọjọ́ final, kódà tí gbogbo họ́ọ̀lù ń pariwo orúkọ ẹ. Ìyẹn ni mo ní kó o kọ̀, kì í ṣe eré.

Ìbàdàn tó o wà yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà, àkọ́kọ́ ní 1966, nígbà tí yunifásítì ilẹ̀ yìí ò ju márùn-ún lọ. Wo Tobi Amusan náà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ń sá ọgọ́rùn-ún mítà tí wọ́n ti ń fo igi ìdènà, ọmọ yunifásítì ló jẹ́ ní El Paso ní Texas nígbà tó gba ipò kìíní láàárín àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ní 2017, àti pé lọ́hùn-ún, ẹni tí máàkì ẹ̀ bá já wálẹ̀ jù, wọn ò ní jẹ́ kó sá rárá, ìwé àti eré jọ ń lọ ni. Ní 2022, níbi ìdíje àgbáyé ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ó fi sẹ́kọ́ǹdì 12.12 sá a, kò sí obìnrin tó tíì sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní final ó tún sá 12.06, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ń tì wọ́n lẹ́yìn pọ̀ jù, wọn ò kà á sí rẹ́kọ́ọ̀dù. Mi ò ní kó o di Amusan o. Mo kàn fẹ́ kó o mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe méjèèjì.

Bá kóòṣì sọ ọ́ pé kó jẹ́ kó di ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ títí tẹ́ẹ̀sì fi máa parí. Jẹ ẹ̀wà, jẹ ẹyin, Indomie alaalẹ́ yẹn ti pọ̀ jù. Kó o sì máa lo pápá yẹn dáadáa kódà lọ́jọ́ tí ò sí tíréènì, torí tó o bá jáde tán tó o bọ́ sí Èkó, owó gidi ni wàá máa san fún jíìmù, nígbà tí gò-síló bá sì jẹ́ kó o ráàyè débẹ̀.

Mo ti fi owó sípáíkì sínú àkáǹtì ẹ, má ra òkìrìkà tó máa há ẹ lẹ́sẹ̀. Dádì ẹ ní kó o fi déètì inter-hall ránṣẹ́, àwa méjèèjì ń bọ̀. Wọ́n máa wà lórí ìjókòó, àmọ́ èmi máa dúró síbi kọ́nà tí ẹni kẹta ti ń gba báàtọ́nù.

Màmá ẹ.